Báwo ni mo ṣe lè mọ kíì orin blues tí mo fẹ́ fi hàmóníkà bá lọ?

Akẹ́kọ̀ọ́Fèrè

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, mo kí yín. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ hàmóníkà oníhò mẹ́wàá, èyí tí wọ́n tẹ lẹ́tà C sí lára, orin blues ni mo sì torí rẹ̀ rà á. Mo ti lè fọn ihò kan ṣoṣo láìjẹ́ pé ihò ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dá sí i, mo sì ti ń kọ́ bí a ṣe ń tẹ ohùn ihò 4 wálẹ̀ nígbà tí a bá ń fà á (ìyẹn, tí a ń fa èémí sínú gba inú rẹ̀). Ohun tí ó dá mi dúró báyìí ni pé, nígbà tí mo bá fi orin kan sórí fóònù tí mo sì fẹ́ bá ẹgbẹ́ náà lọ, n kò mọ kíì tí orin náà wà, n kò sì mọ bóyá fèrè ọwọ́ mi lè bá a mu.

Mo kà á níbì kan pé "Juke" tí Little Walter, afọnhàmóníkà blues ará Amẹ́ríkà, gbé jáde ní 1952 wà ní kíì E. Níbòmíràn, wọ́n ní fèrè A ni ó fi fọn ún. Èwo wá ni kíì orin náà nínú méjèèjì? Mo tún gba áàpù kan tí ó máa ń gbọ́ orin, tí yóò sì sọ kíì rẹ̀, ṣùgbọ́n orin kan tí onígìtá kan fi dá mi lójú pé G ni, C ni áàpù náà pè é.

N kò mọ dùùrù tẹ̀, n kò sì ní gìtá. Tẹ́nọ̀ ni mò ń kọ ní kọ́ọ̀yà ṣọ́ọ̀ṣì wa, mo sì mọ solfa dáadáa, ṣùgbọ́n níbẹ̀, ọ̀gá kọ́ọ̀yà ni ó máa ń fún wa ní doh kí a tó bẹ̀rẹ̀. Nídìí orin blues, kò sí ẹni tí yóò fún mi. Báwo ni ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ṣe lè wá a rí fúnra rẹ̀?

Ará Chicago

Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí "Juke", nítorí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti máa ń dojú rú fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Àwọn méjèèjì tí ẹ ka ọ̀rọ̀ wọn ni wọ́n sọ òtítọ́. Orin náà wà ní E, E sì ni gìtá ń lù. Fèrè tí Little Walter fi sẹ́nu ni lẹ́tà A wà lára rẹ̀. Kíì orin lọ́tọ̀, lẹ́tà ara fèrè lọ́tọ̀, ẹni tí ó bá sì sọ pé orin kan "wà ní A" láìsọ èyí tí ó ní lọ́kàn, ẹ bi í kí ẹ tó gbà á gbọ́.

Bí a ṣe to ohùn sínú fèrè náà ni ó fà á. Ní Jámánì, níbi tí ilé iṣẹ́ Hohner ti bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Trossingen ní 1857, orin ìbílẹ̀ tiwọn ni irú fèrè yìí wà fún. Bí ẹ bá fọn ọ́n, kọ́ọ̀dù doh (àwọn ohùn tí ń dún pọ̀ lórí doh) ni yóò dún. Bí ẹ bá fà á nísàlẹ̀, kọ́ọ̀dù soh ni yóò dún, èyí tí ó máa ń wá ọ̀nà àtipadà sí doh. Àwọn aláwọ̀ dúdú ìhà gúúsù Amẹ́ríkà ni wọ́n yí i po. Wọ́n sọ ẹ̀gbẹ́ fífà di ilé, wọ́n sì sọ ẹ̀gbẹ́ fífọn di ibi àbẹ̀wò, nítorí pé nísàlẹ̀ fèrè, àwọn ohùn tí a ń fà ni ó ṣeé tẹ̀ wálẹ̀ (ihò 1, 2, 3, 4 àti 6), ohùn títẹ̀ yẹn ni ó sì ń mú kí fèrè sunkún bí ènìyàn. Lórí fèrè C tí ó wà lọ́wọ́ yín, bí ẹ bá fa ihò 2, G ni. Ihò 3, B. Ihò 4, D. Ihò 5, F. Ẹ pa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, kọ́ọ̀dù G tí ó ní ìkeje blues (F yẹn) nínú ni ẹ mú dání yẹn, láìṣe làálàá kankan. Nítorí náà, fún ẹni tí ó ń fọn blues, fèrè C jẹ́ fèrè orin G. Ipò kejì ni àwa afọnfèrè ń pe ọ̀nà yìí. Ipò kìíní ni kí a fi fèrè C fọn orin C.

Ní ibi tí àwọn olórin ti máa ń kóra jọ níhìn-ín láti bá ara wọn ṣeré, ẹni tí ó bá dá orin sílẹ̀ yóò kàn pe kíì orin rẹ̀ ni: "E ni o!" Fèrè tí ẹ ó mú jáde kúrò nínú àpò kò kàn án rárá. Ẹ kọ́kọ́ wá kíì orin, lẹ́yìn náà ni ẹ ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ronú nípa fèrè. Bí a ṣe ń wá a, mo mọ̀ pé ẹni tí ó mọ solfa jù mí lọ yóò dáhùn.

Ọ̀gá Kọ́ọ̀yà

Àbúrò mi, ohun tí o ń wá kò ṣàjèjì sí ọ. Kíì kò ju ibi tí doh jókòó sí lọ. Nígbà tí ìwé orin wa bá kọ "Doh is G" sí òkè, kíì ni ó ń sọ fún ọ. Ohun tí ó yàtọ̀ ni pé lọ́dọ̀ wa, a ti fi doh sí ọ létí kí o tó la ẹnu. Nínú orin blues, ìwọ fúnra rẹ ni yóò yọ ọ́ jáde nígbà tí orin ti ń lọ.

Mú orin tí ó ń rìn pẹ̀lẹ́, kí o sì kọ́kọ́ mọ ìrìn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ orin blues ni ó ní ìwọ̀n méjìlá, tí a ń ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó tó tún bẹ̀rẹ̀ láti orí. Olórin yóò kọ ìlà kan, yóò tún un kọ, yóò sì fi ìlà kẹta parí rẹ̀, ìwọ̀n mẹ́rin fún ìlà kọ̀ọ̀kan. Àwọn ohun èlò yóò wà lórí kọ́ọ̀dù doh ní ìwọ̀n mẹ́rin àkọ́kọ́ (àwọn ẹgbẹ́ mìíràn máa ń yà sí fah díẹ̀ ní ìwọ̀n kejì), wọn yóò lọ sí fah ní ìwọ̀n karùn-ún àti ìkẹfà, wọn yóò padà sí doh ní ìkeje àti ìkẹjọ, wọn yóò gun soh ní ìkẹsàn-án, wọn yóò gba fah kọjá ní ìkẹwàá, wọn yóò sì délé ní ìkọkànlá. Ìwọ̀n kejìlá ni kí o ṣọ́ra fún. Lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n máa ń lu soh níbẹ̀ kí orin lè ní agbára àtitún bẹ̀rẹ̀, ẹni tí wọ́n bá sì ti kọ́ pé kọ́ọ̀dù ìkẹyìn ni kíì yóò mú soh yẹn, yóò sì pè é ní doh. Kọ́ọ̀dù ìkẹyìn gbogbo orin, níbi tí ìlù ti dákẹ́ pátápátá, ni ó ṣeé gbára lé, àyàfi bí wọ́n bá kàn ń rọ ohùn orin náà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí tí kò fi dún mọ́.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ ìkẹyìn ìlà kẹta bá jáde lẹ́nu olórin, dá orin dúró. Pa ẹnu dé, kí o sì kùn ohùn tí ọ̀fun rẹ fẹ́ sinmi lé. Kọ doh mi soh mi doh láti orí ohùn náà, gẹ́gẹ́ bí a ti máa ń ṣe kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀, kí o sì jẹ́ kí orin máa lọ padà láti ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nígbà tí o ṣì ń kọ ọ́. Bí ó bá jókòó, o ti rí doh. Má jẹ́ kí mi tí olórin ń kọ kó ìdààmú bá ọ, nítorí pé nínú blues, mi kì í fẹ́ dúró sójú kan. Ó máa ń rìn láàrin mi àti ma, ìyẹn mi tí a sọ̀ kalẹ̀ ní ìdajì ìgbésẹ̀. Ohùn ti pẹ̀lú sábà máa ń di "ta", ìyẹn ti tí a sọ̀ kalẹ̀ bákan náà. Doh nìkan ni kì í yẹsẹ̀.

Ó kù kí o mọ orúkọ rẹ̀. O ní o kò ní dùùrù, ṣùgbọ́n fèrè C tí ó wà lọ́wọ́ rẹ tó fún èyí. Gbogbo doh re mi fèrè náà pé pérépéré láti ihò 4 dé ihò 7: fọn 4, C ni, fa 4, D, fọn 5, E, fa 5, F, fọn 6, G, fa 6, A, fa 7, B, fọn 7, C òkè. (Ṣàkíyèsí pé ní ihò 7, èyí tí a ń fà ni ó wà nísàlẹ̀ èyí tí a ń fọn, ó sì yàtọ̀ sí àwọn ihò tí ó ṣáájú.) Máa kùn doh tí o rí, kí o sì rọra máa wá ẹnìkejì rẹ̀ lórí àwọn ihò wọ̀nyí. Bí ó bá bọ́ sáàrin méjì, ohùn fúláàtì tàbí ṣáápù ni. Láàrin fífà 4 àti fífọn 5, fún àpẹẹrẹ, E fúláàtì ni yóò jẹ́. Àárín fífọn 5 àti fífà 5 kò ní ohùn kankan, bẹ́ẹ̀ ni àárín fífà 7 àti fífọn 7, nítorí ìdajì ìgbésẹ̀ péré ni ó wà níbẹ̀, bí mi sí fah àti ti sí doh.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ tí Ará Chicago sọ nípa E àti A. Ẹni tí ó mọ solfa kò nílò tábìlì kankan tí a fi ń wo fèrè. Láti doh orin, kà á dé fah: orúkọ fah yẹn ni lẹ́tà tí ó gbọ́dọ̀ wà lára fèrè. Bí doh bá jẹ́ E, re ni F ṣáápù, mi ni G ṣáápù, fah ni A. Fèrè A nìyẹn. Bí doh bá jẹ́ G, fah ni C, ìyẹn èyí tí o ti ní. Doh C ń fẹ́ fèrè F, doh A ń fẹ́ fèrè D, doh D ń fẹ́ fèrè G. Bí o bá sì fẹ́ yí i padà, kí o wo fèrè kí o sì sọ orin tí ó bá a mu, soh fèrè ni doh orin. Nígbà tí o bá ti mú fèrè tí ó tọ́, fa ihò 2: doh orin ni yóò dáhùn.

Onígìtá Báàsì

Mo kí yín, ẹ̀gbọ́n, àlàyé yín kún. Ibì kan ṣoṣo ni mo ti yà sọ́tọ̀, ìyẹn ni fífi ọ̀rọ̀ ìkẹyìn olórin wá doh. Olórin blues kì í fìgbà gbogbo sọ̀kalẹ̀ sórí doh. Òmíràn máa ń fi soh há ìlà náà sínú afẹ́fẹ́, òmíràn kì í tilẹ̀ kọrin mọ́ nígbà tí ó bá dé ibẹ̀, tí yóò kàn sọ ọ̀rọ̀ náà bí ẹni tí ó ń bá ènìyàn jiyàn. Báàsì ni kí ẹ tẹ́tí sí. Níbi tí ìwọ̀n àkọ́kọ́ bá ti bẹ̀rẹ̀, ní kíkà "ení", ohùn tí báàsì bá fi lélẹ̀ ni doh nínú ọ̀pọ̀ jùlọ orin blues, nítorí iṣẹ́ wa ni láti fi ìdí kọ́ọ̀dù hàn. Ẹ fi ohun ìgbọ́rọ̀ sí etí o. Ẹnu fóònù lásán kì í jẹ́ kí báàsì jáde dáadáa, ohun tí ẹ ó sì máa gbọ́ dípò rẹ̀ ni gìtá, tí òun máa ń ṣeré káàkiri.

Mo fẹ́ fi àyẹ̀wò kan kún un, nítorí pé soh máa ń fara jọ doh gan-an fún etí tí kò tíì mọ́ra. Ẹ mú ohùn tí ẹ rò pé doh ni, kí ẹ sì dì í mú jẹ́jẹ́ láìyí padà láti ìwọ̀n kìíní títí dé ìkejìlá. Bí ó bá jẹ́ doh lóòótọ́, ara yóò rọ̀ ọ́ ní ìwọ̀n mẹ́rin àkọ́kọ́, ara yóò sì ṣì rọ̀ ọ́ nígbà tí ẹgbẹ́ bá lọ sí fah ní ìwọ̀n karùn-ún, nítorí doh wà nínú kọ́ọ̀dù fah pẹ̀lú. Ní ìwọ̀n kẹsàn-án ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa fà bí ẹni tí ó fẹ́ kúrò lórí ìjókòó. Bí ó bá jẹ́ soh ni ẹ dì mú, ìbẹ̀rẹ̀ yóò dùn, ṣùgbọ́n ìwọ̀n karùn-ún ni yóò ti tú u fó, yóò wá jókòó pẹ̀sẹ̀ ní ìkẹsàn-án. Bí ó bá sì jẹ́ fah, láti ìwọ̀n kìíní ni ẹ ó ti mọ̀ pé kò sí nílé. Ìwọ̀n karùn-ún ni ẹlẹ́rìí tí mo gbẹ́kẹ̀ lé jù, kódà nínú orin tí n kò gbọ́ rí.

Nípa áàpù yín: irú àwọn bẹ́ẹ̀ máa ń ṣa gbogbo ohùn tí ó wà nínú orin jọ, wọn á sì wo kíì tí ó ní irú ohùn bẹ́ẹ̀. Orin tí doh rẹ̀ jẹ́ G gẹ́gẹ́ bí a ti ń kọ́ ọ ní iléèwé ní F ṣáápù nínú. Blues ní G kò fẹ́ F ṣáápù púpọ̀. F lásán ni ó ń lò, ìyẹn ta tí Ọ̀gá Kọ́ọ̀yà mẹ́nu bà. Kíì tí ó ní G, tí ó ní B, tí ó sì ní F lásán nínú ìwé ni C. Ìdí nìyẹn tí áàpù fi pè é ní C, onígìtá yín ni ó jàre. Irú áàpù tí mo fara mọ́ ni túnà, èyí tí àwọn onígìtá fi ń to okùn, tí kì í sọ ju orúkọ ohùn kan lọ. Ẹ fi etí yín wá doh, ẹ kùn ún sí i, kí ó sọ orúkọ rẹ̀ fún yín. Iṣẹ́ tí ó mọ̀ ọ́n ṣe nìyẹn.

Bí ẹ bá sì lọ yá kíbọ́ọ̀dù ṣọ́ọ̀ṣì láti fi wá orúkọ ohùn, ẹ kọ́kọ́ wo bọ́tìnì transpose. Àwọn tí ń tẹ kíbọ́ọ̀dù fún wa fẹ́ràn láti máa fi ìka tẹ C, kí wọ́n sì jẹ́ kí ẹ̀rọ náà gbé e lọ sí kíì tí olórí orin bá wà. Bí bọ́tìnì náà kò bá sí lórí òdo, C tí ẹ tẹ̀ kì í ṣe C tí ẹ gbọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́Fèrè

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Àyẹ̀wò ìwọ̀n karùn-ún ti jẹ́ kí n rí i pé orin kan tí mo ti ń pè ní D, soh rẹ̀ ni mo dì mú. G ni doh rẹ̀, fèrè C mi sì bá a lọ wẹ́rẹ́. Inú mi dùn.

Ohun méjì ló kù tí kò yé mi. Orin àtijọ́ kan wà tí mo wá doh rẹ̀ títí, tí ó bọ́ sáàrin fífà 4 àti fífọn 5 gẹ́gẹ́ bí Ọ̀gá Kọ́ọ̀yà ti ṣàpèjúwe, ṣùgbọ́n kò bọ́ sórí E fúláàtì náà gan-an. Túnà ní ó ga ju E fúláàtì lọ, kò sì tó E. Báwo ni orin ṣe lè wà láàrin kíì méjì? Èkejì ni orin kan tí Jimmy Reed, olórin blues tí ó tún ń fọn fèrè, kọ. Mo rí doh rẹ̀, A ni, mo sì mọ̀ pé fah A ni D, ṣùgbọ́n ohun tí fèrè ń ṣe nínú orin náà kò jọ èyí tí ẹ ṣàpèjúwe rárá. Òkè téńté ni ó wà, ohùn rẹ̀ tínrín, ó sì ń tẹ̀ wálẹ̀ níbi tí mo rò pé kò sí ohun tí ó ṣeé tẹ̀.

Ará Chicago

Etí yín ti ń là. Ẹ jẹ́ kí n mú ti Jimmy Reed ṣáájú. Ọkùnrin yẹn fẹ́ràn ipò kìíní, ní pàtàkì lókè. Bí orin bá wà ní A, fèrè A ni yóò gbé sọ́rùn, yóò sì máa fọn ihò 8, 9 àti 10. Láti ihò 1 dé 6, ẹ̀gbẹ́ fífà ni a ti ń tẹ ohùn; láti ihò 7 sókè, fífọn ni ó ga ju fífà lọ, ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé fífọn ni a ń tẹ̀ níbẹ̀. Ohun tí ẹ gbọ́ nìyẹn. Doh tí ẹ rí kò ní àṣìṣe, òfin fah náà kò sì bàjẹ́. Òfin ipò kejì ni. Nítorí náà, lẹ́yìn tí ẹ bá ti rí kíì orin, ẹ tún fetí sí ibi tí fèrè ti ń sinmi. Bí ó bá ń sinmi lórí ohùn kíkùn nísàlẹ̀, tí ó ń fà, tí ó sì ń sunkún, ipò kejì ni. Bí ó bá ń fò lókè lórí fífọn, ẹ gbìyànjú fèrè tí ó ní kíì kan náà pẹ̀lú orin. Tí orin bá sì ṣókùnkùn, tí mi rẹ̀ jẹ́ ma láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ipò kẹta, níbi tí fèrè C ti ń ṣiṣẹ́ fún D, tí ilé wà ní fífà 1 àti fífà 4. Little Walter lo ipò kẹta dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ ná.

Ní ti orin tí ó wà láàrin kíì méjì, ẹ má ṣe dá ara yín lẹ́bi. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi gba ohùn sílẹ̀ láyé àwo àtijọ́ oníṣẹ́jú mẹ́ta kò fìgbà gbogbo yí ní ìwọ̀n kan náà, ẹ̀rọ tí wọ́n fi gbé e jáde lẹ́yìn náà kò sì fìgbà gbogbo bá tàkọ́kọ́ dọ́gba. Bí àwo bá yí yára díẹ̀, gbogbo ohùn inú rẹ̀ yóò gòkè díẹ̀. Bí ó bá falẹ̀, wọn yóò sọ̀kalẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, àwọn olórin ìgbà náà sábà máa ń to gìtá bá dùùrù tí wọ́n bá nílé ìgbohùnsílẹ̀, bí dùùrù náà bá sì ti sọ̀kalẹ̀, gbogbo wọn yóò bá a sọ̀kalẹ̀. Lára àwọn tí ó ń gbé orin sórí íntánẹ́ẹ̀tì lónìí, àwọn kan tún máa ń mọ̀ọ́mọ̀ yí ìyára rẹ̀ padà. Fèrè yín kò lè tẹ̀ lé ìyẹn. Áàpù tí ń ṣe àtúnṣe ìró orin láìyí ìyára rẹ̀ padà ni kí ẹ lò. Ẹ rọra gbé e sókè tàbí sísàlẹ̀ títí túnà yóò fi sọ pé ó dúró sórí E tàbí E fúláàtì geere.

Áàpù kan náà yẹn yóò ṣe oore mìíràn fún ẹni tí ó ní fèrè kan ṣoṣo. Orin E, ẹ gbé e sókè ní ìdajì ìgbésẹ̀ mẹ́ta, yóò di G, fèrè C yín yóò sì bá a lọ. Orin A, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ ní ìdajì ìgbésẹ̀ méjì, G náà ni. Ohùn olórin yóò ṣàjèjì díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ó lè fi àwọn orin tí ẹ fẹ́ràn kọ́ṣẹ́ lónìí láìdúró de owó fèrè mìíràn.

Ohun kan tún wà tí ó yẹ kí ẹ mọ̀ nípa E fúláàtì. Tí orin kan tí gìtá pọ̀ nínú rẹ̀ bá bọ́ sórí E fúláàtì gan-an, ó lè jẹ́ pé onígìtá ni ó tú gbogbo okùn rẹ̀ sílẹ̀ ní ìdajì ìgbésẹ̀, bí onígìtá blues Stevie Ray Vaughan ti máa ń ṣe, tí ọwọ́ rẹ̀ sì ń mú àwòrán E. Ẹni tí ó ń kọ́ni ní gìtá lè sọ fún yín pé orin náà wà ní E, nítorí ọwọ́ ni ó ń wò. Etí ni kí ẹ gbà gbọ́. Fèrè A fúláàtì ni irú orin bẹ́ẹ̀ ń fẹ́.

Akẹ́kọ̀ọ́Fèrè

Ó ti yé mi wàyí. Bí mo bá fẹ́ ra fèrè kejì, ṣé A ni kí n rà, nítorí "Juke"?

Onígìtá Báàsì

Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe torí orin kan. Okùn tí ó wà nísàlẹ̀ jùlọ lára gìtá ni E, tí a lè jẹ́ kí ó máa dún láìtẹ̀ ẹ́, A sì ni ó tẹ̀ lé e. Ìdí nìyẹn tí àwọn onígìtá blues fi ń sá sí kíì méjèèjì yìí. Fún E, fèrè A. Fún A, fèrè D. Pẹ̀lú C tí ẹ ti ní fún G, mẹ́ta yẹn yóò gbé yín gba inú orin púpọ̀. Bí ẹ bá wá bọ́ sí ọwọ́ ẹgbẹ́ tí ó ní sasofóònù àti tùm̀pẹ́ẹ̀tì, wọn yóò máa pe F àti B fúláàtì, nítorí bí a ti ṣe àwọn fèrè tiwọn nìyẹn. Nígbà náà ni ẹ ó nílò B fúláàtì àti E fúláàtì. Fèrè A yóò wúwo sí yín lẹ́nu ju C lọ lákọ̀ọ́kọ́, torí ohùn rẹ̀ wà nísàlẹ̀ díẹ̀. Nínú àkójọ kíì tí wọ́n sábà ń tà, G ni ó wà nísàlẹ̀ jùlọ, F ṣáápù ni ó sì wà lókè jùlọ. Ihò 2 fífà fèrè A lè kọ́kọ́ dún bí ẹni tí òtútù mú. Ẹ má ṣe fà á pẹ̀lú agbára; ẹ la ọ̀fun, kí èémí rọra wọlé, E yóò sì jáde.